Bí Pírńtà Ilé Bá Kọ̀ Tí Kò Gba Wi-Fi

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti onílé ní ilẹ̀ Òkun, ìpínlẹ̀ Kogi

Ní àsìkò kajú, obìnrin kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìsánlú pè mí pé pírńtà òun ti kú. Mo bá àwọn tó ru kajú wá lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń retí rìsíìtì. Iná ń tàn lára ẹ̀rọ náà, ìwé wà nínú rẹ̀, íǹkì ò tán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti sáré lọ ra dátà, ó ní dátà ló máa ti tán.

Owó yẹn ṣòfò. Pírńtà kì í lo dátà láti tẹ ìwé tó ti wà lórí fóònù. Ohun tó ń fẹ́ ni kí òun àti fóònù jọ wà lórí Wi-Fi kan náà. Dátà lè tán porogodo. Bí rọ́tà (àpótí tó ń pín Wi-Fi) tàbí MiFi (rọ́tà kékeré tó ń lo síìmù) bá ṣì wà ní títàn, ìwé yóò jáde. Ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ń to pírńtà ni app rẹ̀ sábà máa ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn pírńtà tí wọ́n ń san owó íǹkì wọn lóṣooṣù náà máa ń béèrè rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ ná

Wi-Fi wo ló wà lórí fóònù? Èwo ló wà lórí pírńtà? Bí pírńtà ò bá ní ojú tí ẹ lè kà, púpọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnnì tó lè tẹ ìwé kan jáde tó ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe wà. Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá yóò sọ èyí tí ẹ máa tẹ̀. Lórí ìwé yẹn, iwájú SSID ni orúkọ Wi-Fi wà. Ẹ wá nọ́ńbà IP, ìyẹn àdírẹ́sì pírńtà lórí Wi-Fi. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ó ti wọlé. Bó bá jẹ́ 169.254, ó kan ilẹ̀kùn, rọ́tà ò dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ 2.4 àti 5

Ibí ni wàhálà Ìsánlú wà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń bá èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀nà méjì tí Wi-Fi sábà máa ń gbà rìn ni 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ ò yára tó èkejì, àmọ́ ó máa ń la ògiri kọjá. Ọ̀pọ̀ pírńtà ilé, pàápàá àwọn tówó wọn ò wọ́n àti tòkunbọ̀, 2.4 nìkan ni wọ́n mọ̀. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun, hotspot fóònù náà (Wi-Fi tí fóònù ń pín fún ẹ̀rọ mìíràn) sì wà lórí 5. Kò sí bí pírńtà ṣe lè rí i, ó dà bí ìgbà tí ẹ ń ké pe adití láti ẹ̀yìnkùlé.

Lórí Android, ẹ lọ sí ètò hotspot, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «band» sí, ẹ yan 2.4 GHz. Lórí iPhone, «Maximize Compatibility» ni kí ẹ tàn. Bí pírńtà bá ti dàgbà, ẹ wo ààbò hotspot níbẹ̀ pẹ̀lú: WPA3 lè ṣòro fún un, WPA2 ni kí ẹ mú.

Ẹ ṣọ́ra fún password. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, òdo sì máa ń jọ O. Bí rọ́tà bá ní bọ́tìnnì WPS, ẹ ò tilẹ̀ nílò password: ẹ tẹ tirẹ̀, kí ẹ sì tẹ ti pírńtà kí ìṣẹ́jú 2 tó pé.

Bí iná bá lọ tó tún dé

Pírńtà sábà máa ń jí ṣáájú rọ́tà, kò ní bá Wi-Fi kankan nílé. Ẹ tan rọ́tà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó tan pírńtà. Rọ́tà tó bá kú tó sì jí tún lè fún pírńtà ní nọ́ńbà tuntun, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń wá a sí ilé àtijọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa kọ «offline». Ẹ yọ pírńtà kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tún un fi síbẹ̀. Ní ti MiFi, iye ẹ̀rọ tó lè gbà ní òpin, nítorí náà ẹ ní kí àwọn ọmọ kúrò lórí rẹ̀ ná.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ gbé e sún mọ́ rọ́tà; ògiri amọ̀ tó nípọn àti páànù kì í jẹ́ kí Wi-Fi ríran. Níbi tí kò sí rọ́tà rárá, bí inú oko, ẹ wo àwọn Wi-Fi tó wà lórí fóònù: bí ẹ bá rí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT, pírńtà fúnra rẹ̀ ló ń pè yín. Tàbí kí ẹ lo okùn USB, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà fi ẹfun kọ 2.4 gàdàgbà sára ògiri lókè pírńtà. Kò ju wákàtí kan lọ, ìyá rẹ̀ ní kó pa á rẹ́: àwọn àgbẹ̀ ti ń bi í pé kílò kajú ta ni kò ju 2.4 lọ.