Òótọ́ tí kì í ṣe tiyín: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun

Kí ẹni tó ń múra àtiwọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ tó sanwó, orí fóònù ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò ka Cruise Critic, yóò ka Tripadvisor, àwọn ìkànnì tí èrò ti ń kọ ohun tí ojú wọn rí, tí wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ kan sí márùn-ún díwọ̀n rẹ̀, yóò wọ ẹgbẹ́ Facebook méjì mẹ́ta, yóò wo fídíò lórí YouTube títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tó bá fi máa parí, ọkọ̀ kan náà ti di ààfin lẹ́nu ẹnì kan, ó ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló ń ná àwọn èèyàn lówó jù. Òótọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n gbé rù bíi pé tiwọn ni, òun ló ń ná wọn lówó.

Kíka iye ìràwọ̀ lásán

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ irọ́ kúrò nílẹ̀ ná. Ní ọdún 2017, akọ̀ròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù forúkọ ahéré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ibi tó ń gbé ní Dulwich sílẹ̀ lórí Tripadvisor bíi ilé oúnjẹ. Ó pè é ní The Shed at Dulwich. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ ìyìn ránṣẹ́, òun náà ń ya fọ́tò “oúnjẹ” tí ó fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n àti oògùn ìfọ-ṣáláńgá ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣíbí kan oúnjẹ níbẹ̀, ahéré yẹn ti wà ní ipò kìíní láàárín àwọn ilé oúnjẹ Lọ́ńdọ̀nù.

Òfin ti le sí i láti ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà fi òfin de títà àti ríra àríwísí èké láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ CMA tó ń mójú tó ìdíje ọjà níbẹ̀ sì lè bu owó ìtanràn tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n òfin kò ní jókòó tì yín lálẹ́ tí ẹ bá ń ka àríwísí. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí kò dárúkọ èbúté kankan, tí kò sọ oṣù tí wọ́n lọ tàbí irú yàrá tí wọ́n sùn, ẹ fò ó kọjá. Àròkọ gígùn tó dán mọ́rán kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, kọ̀ǹpútà ti ń kọ ìyẹn fúnra rẹ̀ báyìí. Ẹni tó wọ ọkọ̀ gan-an a máa ṣàròyé nípa nǹkan kéékèèké: lífìtì tó máa ń kún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àga ẹ̀gbẹ́ odò ìwẹ̀ tí àwọn kan ti fi táwẹ́ẹ̀lì gbà láti aago méje àárọ̀, ìlà tó gùn ní ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìbínú ẹnì kan dájọ́ ọkọ̀ fún yín. Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò láti Miami ní oṣù kìíní ọdún 2024 ń gba èèyàn 5,610 tí ó bá jẹ́ ẹni méjì péré ló wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo èrò wọ̀nyẹn, ẹnì kan ni wọ́n da ọtí sí láṣọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó fún ọkọ̀ ní ìràwọ̀ mẹ́ta, nítorí pé inú wọn kò dùn jù, kò sì bàjẹ́ jù, wọ́n sì sábà máa ń ráyè ṣàlàyé.

Gbígbàgbé ẹni tó kọ ọ́

Níbi tí wàhálà wà gan-an nìyí. Ìbéèrè kan kì í tán nínú àwọn ẹgbẹ́ Facebook wa: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo nílò físà?” Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnì kan yóò ti dáhùn pé, “Rárá o, àwa lọ láìsí físà.” Kò purọ́. Ó kàn jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ti ẹni tó béèrè sì jẹ́ ewé tútù ti Nàìjíríà.

Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tilẹ̀ ní gbèdéke, ṣì nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kí ó tó lè bá ọkọ̀ láti Southampton lọ sí àwọn èbúté Spéènì, Faransé tàbí Pọtogí. Nọ́wè ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á ní kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tún wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá yà sí Mòrókò láàárín ìrìn àjò, tó sì tún padà sí èbúté Spéènì, físà tó gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ní tó. Ireland náà ní físà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, wọn yóò dá a padà ní èbúté pẹ̀lú àpótí rẹ̀, owó tó san kì í sì í sábà padà sí i lọ́wọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ ó kà á níbi gbogbo pé ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ ti tó fún Caribbean. Òótọ́ ni, fún ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ tó gbéra ní èbúté Amẹ́ríkà tó sì padà sí èbúté yẹn gan-an. Kò kan ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rárá. Òun gbọ́dọ̀ mọ òfin Bahamas, Jàmáíkà, Mẹ́síkò àti ibi yòówù tí ọkọ̀ bá máa yà sí, kó sì mọ ìwé tí yóò fi wọ Amẹ́ríkà padà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹ́ńbásì ni kí ẹ bi léèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ. Kò sí òṣìṣẹ́ èbúté tí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ Facebook hàn tí yóò ní kí ẹ kọjá.

Oúnjẹ náà kò yàtọ̀. “Ata ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ wọn,” ìyá àgbà kan láti Devon ló kọ ọ́ pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ìgò ata gígún rìn nínú àpò ńkọ́? Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. “Ariwo ọmọdé kò jẹ́ ká sinmi” túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ rí ibi ṣeré. “Kò sí nǹkan ṣe lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́” lè bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún nínú, ó sì lè jẹ́ ohun tí àwọn òbí yín ń wá gan-an tí ẹ bá fẹ́ mú wọn lọ fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún. Ẹ ka ohun tó dun ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ wò ó bóyá yóò dun ẹ̀yin náà.

Yàrá ńkọ́? Ẹni tó sọ pé ọkọ̀ náà ń mì bíi agbọ̀n, ẹ wo ibi tó sùn. Àárín ọkọ̀, ní àwọn àjà ìsàlẹ̀, ni mìmì ti kéré jù. Iwájú pátápátá lókè ni ó ti pọ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn lè wà lábẹ́ ibi ijó tàbí ilé ìdáná. Àwọn kan tún ra yàrá olówó pọ́ọ́kú tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń yan nọ́ńbà fún wọn, wọ́n wá ń kọ̀wé pé wọ́n fi àwọn sí ibi burúkú. Ohun tí wọ́n rà nìyẹn.

Kíkà láìwo ọjọ́

Ní oṣù kejì ọdún 2013, iná ṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Carnival Triumph lórí omi Gulf of Mexico. Mànàmáná lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, èèyàn tó lé ní 4,000 sì wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fà á dé Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ìtàn náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní. Ní ọdún 2019 wọ́n tún ọkọ̀ yẹn ṣe látòkè délẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Carnival Sunrise. Ẹni tó bá ń ka ìtàn 2013 láti fi dájọ́ yàrá tí yóò sùn lónìí ti ṣìnà. Ẹni tó bá sì rí orúkọ Sunrise tó rò pé ọkọ̀ tuntun ni, òun náà ti ṣìnà, nítorí pé láti ọdún 1999 ni ọkọ̀ yẹn ti wà lójú omi.

Owó òṣìṣẹ́ náà ń fa ìjà tí kò nídìí. Àwọn àríwísí àtijọ́ ń kìlọ̀ pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ P&O Cruises ń yọ owó ìmoore fún òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n ti fòpin sí i láti ọdún 2019. Lórí ọkọ̀ iléeṣẹ́ Carnival àti Royal Caribbean, a ṣì máa ń fi í kún gbèsè yàrá, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ yín náà wà nínú rẹ̀. Tí ẹni tó wọ ọkọ̀ P&O bá sọ fún yín pé “kò sí owó mìíràn”, tí ẹ sì lọ ra Royal Caribbean, ó máa yà yín lẹ́nu ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Àìbéèrè ohun tí olùsọ̀rọ̀ ń rí jẹ

Kò burú kí ejẹ́ńtì gba owó orí ọjà tó tà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí kò dára ni kí ó wà nínú ẹgbẹ́ bíi èrò lásán, kí ó máa dáhùn gbogbo ìbéèrè pẹ̀lú “ẹ wá sí inbox”. Àwọn oní-fídíò tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ gbà láàyè láìsanwó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fídíò kí ẹ tó wo ẹ̀rín wọn.

Àwọn tí a kì í fura sí ni àwọn àgbà ọkọ̀. Ẹni tó ti bá Royal Caribbean rìn títí tó fi dé ipò Diamond nínú ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn oníbàárà àtìgbàdégbà ń gba káàdì ọtí ọ̀fẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ní àwọn àǹfààní tí ẹni àkọ́kọ́wọ̀ kò ní. Tó bá ní ọtí kò wọ́n, fún un kò wọ́n. Carnival Corporation tún máa ń fún ẹni tó bá ní ó kéré tán ìpín ìdókòwò 100 ní owó ìnáwó lórí ọkọ̀. N kò sọ pé wọ́n ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpín nínú ọjà, tí ẹ bá ní ọjà náà kò dára, ara rẹ̀ ni ẹ bú.

Bíbú ọkọ̀ nítorí ojú ọjọ́

Èyí kò gùn. Àkókò ìjì líle lórí Atlantic bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Ẹni tó lọ Caribbean ní oṣù kẹsàn-án tí ọkọ̀ fo erékùṣù méjì, ojú ọjọ́ ló bá a, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sì gba ọkọ̀ láàyè láti yà. Bay of Biscay, omi òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé àti Spéènì, nígbà òtútù náà kò mọ ẹni tó sanwó gọbọi.

Gbígba àhesọ àìsàn gbọ́

“Gbogbo ọkọ̀ yẹn ń bì, ń ṣu!” Ẹ ó rí irú rẹ̀. Norovirus, kòkòrò àìsàn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, wà lóòótọ́, ó sì ń tàn kíákíá níbi tí èrò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ni ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò fúnra yín. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, tó ń gbógun ti àìsàn, ń yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èrò 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti òkè òkun wọ èbúté wọn wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Nínú máàkì 100 ni wọ́n ti ń fún wọn. Ọkọ̀ tó gba 85 tàbí kí ó dín ti fìdí rẹmi. Wọ́n tún máa ń gbé orúkọ ọkọ̀ jáde tí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún èrò tàbí òṣìṣẹ́ bá fi tó wọn létí pé inú ń ṣe àwọn nínú ìrìn àjò kan. Ẹ wá orúkọ ọkọ̀ yín níbẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n rí nínú ilé ìdáná. Ọkọ̀ tí kì í dé èbúté Amẹ́ríkà rárá kò sí nínú ìwé wọn o. Ẹ má wá torí pé ẹ kò rí i kí ẹ sọ pé ó mọ́.

Bíbéèrè ohun tí kò ní ìdáhùn

“Ṣé ọkọ̀ yìí dára?” Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ogójì èèyàn yóò dáhùn, ẹ kò sì ní mọ nǹkan kan ju bí ẹ ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ béèrè báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ yìí ní oṣù kẹrin ọdún yìí tàbí ọdún tó kọjá, tí ẹ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún dání, tí ẹ sì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, yàrá wo lẹ gbà, kí lẹ sì san lẹ́yìn owó ọkọ̀?” Ìdáhùn kò ní pọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni méjì péré ni yóò fèsì, tí ọ̀kan nínú wọn tún jẹ́ ejẹ́ńtì. Ẹnì kejì yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ bi í ní nọ́ńbà yàrá rẹ̀, iye tí wọ́n kọ sí ìwé gbèsè rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn, àti ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èbúté kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.