Bí A Ṣe Ń Gba Ilẹ̀ Ipasẹ̀ Àtijọ́ Sábẹ́ Ààbò Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìjọba dáàbò bo ibi tí ipasẹ̀ ẹranko ayé àtijọ́ ti di òkúta, ẹ má fi ọjọ́ orí òkúta náà bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yín. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ó ti pẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n máa tì, òkúta tí kúárì ò ní lè fọ́ mọ́, ohun tó ń dájà sílẹ̀ nìyẹn.

Bó ṣe rí nìyẹn ní òkè Robledo, lẹ́bàá ìlú Las Cruces ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ní 1987 ni Jerry MacDonald rí ọ̀wọ́ ipasẹ̀ ńlá níbẹ̀, ti àwọn ẹ̀dá tó tẹ ẹrẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 280 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí dáínósọ̀ kankan ò tíì sí láyé. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni tẹ́lẹ̀, lábẹ́ Bureau of Land Management, ìyẹn BLM, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, wọ́n ń wa òkúta ìkọ́lé lágbègbè náà, àwọn ọlọ́kọ̀ jíìpù sì ń fi àpáta rẹ̀ dánra wò. Ọdún 2009 ni òfin tó sọ éékà 5,280 níbẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè (national monument) tó jáde: ọdún 22 gbáko.

Ẹni tó ni ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Tó bá jẹ́ ti aládàáni, òun ló ni òkúta inú rẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ bá a dúnàádúrà. Tó bá jẹ́ ti BLM, òfin 2009 kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú egungun tàbí ipasẹ̀ ẹran eléegun ẹ̀yìn láìní ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ òkúta tó ti já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí. Ẹ ya fọ́tò ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn. Lọ́sàn-án gangan, òjìji kì í sí nínú kòtò ẹsẹ̀, ipasẹ̀ á sì pòórá lójú kámẹ́rà. Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí kọ̀ǹpútà lè rí wọn so pọ̀ di àwòrán kan tó fi jíjìn kòtò hàn. Rúlà ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe bàtà yín. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti jíjìn ẹsẹ̀, àti àyè tó wà láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ kan náà tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má da POP sínú rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́, á ṣí etí ipasẹ̀ lọ. Àjọ nìkan ni kẹ́ ẹ fún ní ojú ibi tí GPS tọ́ka. Fóònù máa ń kọ ọ́ sínú fọ́tò láìsọ fún yín, nítorí náà ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú fọ́tò kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan sórí Facebook. Olè òkúta náà ń ka Facebook.

Ààlà ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù. Ààrẹ lè fi òfin 1906 tí wọ́n ń pè ní Antiquities Act kéde ibi ìrántí lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n òfin yẹn ní kí ilẹ̀ náà mọ níwọ̀n tó kéré jù lọ tó lè dáàbò bo ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ilé aṣòfin, èyí tí Robledo gbà. Ẹ wo ohun tí àwọn aṣòfin ṣe: wọ́n fi ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà tí àjọ bá yàn nìkan, wọn ò gba ìwakùsà tuntun láyè, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè sílẹ̀ fún ìjẹko ẹran níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, àti fún ìwé àṣẹ eré ọkọ̀ tí kò bá ní pa ipasẹ̀ lára. Ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu lójú tiwa. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ti gbogbo òkè pa ń sọ gbogbo ọlọ́kọ̀ di ọ̀tá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí BLM bá ṣí àyè fún èrò ará ìlú lórí àbá tó gbé kalẹ̀ nípa ilẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Lẹ́tà ẹgbẹ̀rún kan tí ọ̀rọ̀ wọn jọra kò wúwo tó ẹyọ kan tó dárúkọ ọ̀nà, tó tọ́ka sí ojú ìwé inú àbá wọn, tó sì sọ ibi tí ọkọ̀ lè gbà dípò rẹ̀.

Ẹ má sì sùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá borí. Ní January 2022, lórí ilẹ̀ BLM ní Mill Canyon nítòsí Moab ní Utah, katapílà gba orí ibi tí ipasẹ̀ dáínósọ̀ wà kọjá nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ afárá onípákó tó wà fún àwọn àlejò. Ẹ bèèrè pé kí onímọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ, kí wọ́n sì ta okùn yí ojú àpáta ká kí ẹ̀rọ tó dé.

Níbi tí kò bá sí owó ẹ̀ṣọ́, bíbò ó mọ́lẹ̀ sàn ju ṣíṣí i sílẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ jọ iyanrìn náà. Ní Laetoli ní Tanzania, iyanrìn tí wọ́n fi bo ipasẹ̀ ní 1979 ní èso igi akasíà (acacia) nínú. Igi hù, gbòǹgbò sì wọlé tọ ipasẹ̀, títí wọ́n fi tún un hú ní àárín ọdún 1990 sí 2000 láti tún un bò dáadáa. Lọ́dọọdún ni kẹ́ ẹ máa yẹ òkìtì náà wò, kẹ́ ẹ sì fa igi kékeré èyíkéyìí tó bá yọrí tu nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì jìn.