Àwọn Àṣìṣe Tíṣà Tó Ń Jẹ́ Kí Ọmọ Tètè Juwọ́ Sílẹ̀

Ìyìn ni àṣìṣe àkọ́kọ́, kò sì jọ àṣìṣe rárá. Ọmọ kan tètè yanjú ìṣirò, tíṣà ní, "Ọpọlọ ẹ mà pé o! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Lọ́dún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára, lẹ́yìn náà wọ́n gbé iṣẹ́ tó le gan-an fún gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ni ọwọ́ wọn rọ. Irú èyí tí wọ́n ti ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ pàápàá, wọn ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn náà ló sì purọ́ jù nípa máàkì tí wọ́n gbà. Ọmọ tí a ti sọ fún pé ọpọlọ ló jẹ́ kó yege, kí la fẹ́ kó rò nípa ara rẹ̀ nígbà tó bá kùnà?

Àwọn tíṣà kan gbọ́ èyí, wọ́n wá sá lọ sí òdìkejì: "O gbìyànjú, ṣáà máa gbìyànjú." Dweck fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ìyẹn ò tó. Ẹ wo 52 − 38. Ọmọ kọ 26, ẹ fi bíárò pupa fa X sí i, ẹ ní kó tún un ṣe. Á tún kọ 26, nítorí ó ti rí i pé 8 ju 2 lọ, ó sì yọ 2 kúrò nínú 8. Bó forí tì í di alẹ́, 26 náà ni. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹyọ ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì, kí òun fúnra rẹ̀ tú ìdì kan. Ẹyọ á di méjìlá. Ó yọ mẹ́jọ, ó ku mẹ́rin. Nínú ìdì mẹ́rin tó kù, ó yọ mẹ́ta. Ó di 14.

Mo mọ̀ pé ọmọ ọgọ́ta lè wà nínú kíláàsì kan. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wọn kùnà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyẹn. Ó sàn ju kí wọ́n máa da kọréṣọ̀n kọ láti ojú bọ́ọ̀dù, èyí tí ọmọ lè ṣe tòun ti oorun.

Ti ẹgba àti "olódo" kò gba àlàyé púpọ̀: ọmọ tí wọ́n nà torí pé ó ṣi ìdáhùn kì í nawọ́ sókè mọ́. Bákan náà ni kíka ipò sétí gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìparí táàmù. Ẹni tó kúrò ní ipò ogójì bọ́ sí ọgbọ̀n ti ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ta ló pàtẹ́wọ́ fún un?

Ẹ má sì tètè pe ọmọ ní ọ̀lẹ nígbà tó jẹ́ pé èdè ìbéèrè ni kò yé e. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò fà sẹ́yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi Yorùbá bi í lẹ́ẹ̀kan ná.

Èyí tó kù ni páálí "Má Ṣe Juwọ́ Sílẹ̀" tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò tó wákàtí kan kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Amẹ́ríkà pé ọpọlọ ń dàgbà sí i. Ó lé ní 12,000 ọmọ tó kópa. Máàkì àwọn tó ń fà sẹ́yìn gòkè díẹ̀, ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í ti í sá fún iṣẹ́ tó le ni ó sì ti ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, kí ẹ tó ra páálí, ẹ wo ohun tí kíláàsì yín ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá ṣi ìdáhùn. Bí ẹ̀rín bá sọ, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ kìíní táàmù, kí ẹ tó ṣí ìwé kankan.