Owó tí mo san lórí sítíárìn, àti bí mo ṣe gbà á padà

Dọ́là 1,140 ni mo san fún iṣẹ́ tí òfin Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Owó náà ti padà sọ́wọ́ mi báyìí, àmọ́ kò pé, ojú mi sì rí màbo kí n tó rí èyí tí mo rí gbà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú.

Tòkunbọ̀ ni mo máa ń pe mọ́tò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Houston níbí ni mo ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, tí kò sì kọjá òkun kankan. Ó ń sáré dáadáa. Àfi bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tí mo fẹ́ yà kúrò lórí Beltway 8 sí Bissonnet, ni iná bá tàn níwájú mi: àwòrán sítíárìn pẹ̀lú àmì ìyanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sítíárìn sì le gbagidi. Gbogbo agbára apá mi ni mo fi wọ́ ọ wọ ilé epo. Mo pa mọ́tò, mo tún un tan, ó rọ̀ wọ̀ọ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Ẹni tó bá mọ power steering àtijọ́ á ní kí n lọ wo òróró rẹ̀. Tèmi ò lóròóró. Ẹ̀rọ iná kékeré kan ló ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti yí táyà. Sẹ́ńsọ̀ ń wo bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń tì í tó, kọ̀ǹpútà á wá sọ fún ẹ̀rọ náà bó ṣe máa ṣèrànwọ́ tó. Bí ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ kò bá ti bára mu mọ́, ńṣe ni kọ̀ǹpútà á gbọ́wọ́ ẹ̀rọ náà kúrò ńbẹ̀. Táyà ṣì ń gbọ́ ti sítíárìn o, ṣùgbọ́n ó ku ìwọ àti apá rẹ. Béèyàn bá wà lórí eré, ó ṣeé fara dà díẹ̀; níbi téèyàn bá ti ń rọra yà tàbí tó fẹ́ páàkì, ibẹ̀ ni ìyà wà. Kì í ṣe àrùn tuntun. Lọ́dún 2014, General Motors pe mọ́tò bíi mílíọ̀nù 1.3 padà ní Amẹ́ríkà torí pé irú ìrànlọ́wọ́ oníná yìí lè ṣàdédé lọ. Ilé-iṣẹ́ míì ló ṣe tèmi, mi ò ní dárúkọ wọn.

Bọ̀dá kan wà ní ìhà Alief, ọmọ Ìjẹ̀bú, òun ló ń bá ọ̀pọ̀ wa tún mọ́tò ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní sẹ́ńsọ̀ ló ti lọ, pé wọn kì í ta á lọ́tọ̀, pé ọ̀pá sítíárìn àti ẹ̀rọ rẹ̀ lápapọ̀ ni òun máa pààrọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò ti wà lókè, ó bá mi pààrọ̀ bíréèkì iwájú àti òróró ẹ́ńjìnnì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,395. Mo fi Zelle, tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù níbí, san án, ó kọ rìsíìtì, mo wa mọ́tò mi lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i kí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà tó dé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àpòòwé pé ọ̀rọ̀ recall ni, ìyẹn pé wọ́n ń pe mọ́tò padà wá fún àtúnṣe, pé ó kan ààbò. Mo kà á tán, mo jókòó. Irú mọ́tò mi, ọdún rẹ̀, àrùn tí mo ti fowó ara mi wò. Òfin wà nílẹ̀ níbí pé bí mọ́tò bá ní àbùkù tó lè pani lára, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni ín, kó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá tíì ju ọdún 15 lọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Lẹ́tà náà tún ní ẹni tó bá ti sanwó àtúnṣe kí recall tó dé lè béèrè owó rẹ̀ padà. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti bùṣe.

Ti dílà, ìyẹn ilé tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ta mọ́tò, kò le. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun tí bọ̀dá fi sí i dára, wọ́n bá a ṣe sọ́fúwià rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé recall náà ti parí.

Ti owó gan-an ni wàhálà. Mo kọ fọ́ọ̀mù, mo fi ìwé mọ́tò àti rìsíìtì sí i, mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà. Òfin fún wọn ní 60 ọjọ́ láti dáhùn, wọ́n sì jẹ ọjọ́ náà tó kù díẹ̀ kó tán. Èsì wọn: ìwé mi ò pé. Ohun tí bọ̀dá kọ sí rìsíìtì ni “steering, brake, oil, 1,395”, ó fa ìlà sí i nídìí. Wọ́n fẹ́ mọ iye tí sítíárìn nìkan jẹ́, iye tí wọ́n ra pátì, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n fi sí i, iye tó jẹ́ owó iṣẹ́, àti VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, kí wọ́n lè mọ̀ pé mọ́tò yìí gan-an ni wọ́n tún ṣe.

Mo padà sọ́dọ̀ bọ̀dá. Ojú rẹ̀ yí padà bó ṣe gbọ́.

“Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n ní mo jà yín lólè ni?”

“Rárá o, bọ̀dá. Wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ tú u sí wẹ́wẹ́ ni.”

“Àwọn wo? Àwọn tó ṣe ohun tí kò dáa, tí èmi wá bá wọn tún un ṣe?”

Ká sòótọ́, ó gbà á lẹ́nu mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun máa ṣe é. Mo pè, ó ní òun ti gbàgbé. Mo tún pè, ó ní òun ti lọ ra pátì. Ìgbà tó kọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ dáadáa, pé dọ́là 1,140 ni ti sítíárìn nìkan, mo fi ránṣẹ́, mo tún jókòó ti 60 ọjọ́ míì. Wọ́n dá a padà! Wọ́n ní VIN yẹn kò sí. Mo gbé ìwé méjèèjì sójú kan náà, mò ń ka nọ́ńbà náà ní oókan ní oókan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. VIN máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wọn kì í sì í lo lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n pe oókan àti òdo. Bọ̀dá ti kọ O síbi tí òdo wà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn ní òun náà rí i pé òdo ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ ara òun tún un ṣe. Ó rí i o! Ó ní kí n fi tuntun ránṣẹ́.

Ohun tó gbà mí níkẹyìn ni ìwé ilé ìtajà tí bọ̀dá ti ra pátì. Ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí, nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Orúkọ pátì wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀, VIN mi wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kò sí òdo tó di O. Ìyẹn ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Dọ́là 985 ni wọ́n san. Wọ́n ní wákàtí tí bọ̀dá fi ṣiṣẹ́ pọ̀ ju èyí tó wà nínú ìwé tiwọn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó pòṣé: “Ṣé àwọn ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ ni?” Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wọn fà á, ó ti sú mi.

Ohun tí mò ń ṣe látìgbà náà: rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀, bí mẹkáníìkì tilẹ̀ ń bínú. Èmi fúnra mi ni mò ń ka VIN láti abẹ́ gíláàsì iwájú, ní ìhà ibi tí awakọ̀ ń jókòó, tí mo sì ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo tún ń tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fi recall hàn, látìgbà dé ìgbà, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ fi etí sí èyí. Òfin ò jẹ́ kí dílà ta mọ́tò tuntun tí recall rẹ̀ ò tíì parí, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ ò dí i lọ́wọ́ láti ta àlòkù bẹ́ẹ̀. Àrùn náà lè bá a wọ ọkọ̀ ojú omi dé Lagos.

Àbúrò mi n’Ìbàdàn fẹ́ ra ọ̀kan níbí lóṣù tó kọjá. Mo ní kó fi VIN ránṣẹ́ kó tó fi owó ránṣẹ́. Sítíárìn rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n recall airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò boni nígbà ìjàǹbá, wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ó ní kí n jẹ́ kó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ ń lọ. Mi ò dá a lóhùn. Dílà pààrọ̀ airbag náà lọ́fẹ̀ẹ́ kí mọ́tò tó lọ sí èbúté, mo sì gba ìwé rẹ̀, pẹ̀lú VIN tí ẹ̀rọ tẹ̀.