Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpolówó Tí Yóò Mú Oníbàárà Ra Ọjà

Àwọn tí wọ́n ń kiri ọjà nílẹ̀ Yorùbá kò kọ́ ìpolówó ní ilé ẹ̀kọ́ kankan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣìnà. Ẹni tó ń ta àgbàdo bíbọ̀ a ké pé "Láńgbé jinná o," ẹlẹ́kọ a ní tòun gbóná fẹlifẹli, ó parí. Ẹni tí ebi ń pa láàárọ̀ kò fẹ́ mọ̀ ju pé oúnjẹ ti jinná àti pé ó gbóná, ohun tí wọ́n sì sọ fún un nìyẹn: ohun kan ṣoṣo, tí ó lè fọwọ́ kàn kí ó tó sanwó. Púpọ̀ nínú ìpolówó tí à ń kà lórí WhatsApp àti Facebook lóde òní, àti èyí tí à ń gbọ́ lórí rédíò, ti sọ ọgbọ́n yìí nù, nítorí pé olùtajà ni wọ́n ń yìn, wọn kì í sọ ohun tí oníbàárà yóò rí gbà. Nínú àlàyé yìí, ọjà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, ìyẹn gaàrí Ìjẹ̀bú, kí n lè fi hàn bí a ṣe ń kọ ìpolówó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń ta àdìrẹ tàbí ọṣẹ dúdú, àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, lè gba ọ̀nà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú èyí tó wọ́pọ̀:

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì! Ojúlówó gaàrí Ìjẹ̀bú tí kò lẹ́gbẹ́ ti dé! Ó dára, ó mọ́, ó dùn, kò sì wọ́n! Àwa la mọ̀ ọ́n ṣe jù! Ẹ wọlé sí DM fún iye owó!"

Ó lè má sí irọ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń ta ìrẹsì kò lè sọ. Ẹ yọ "gaàrí Ìjẹ̀bú" kúrò, kí ẹ fi "ìrẹsì Ọ̀fadà" síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò bá a mu rẹ́gí. Ìdánwò tí mo máa ń ṣe fún ìpolówó kí n tó kà á dé ìlà kejì nìyẹn. Bí a bá lè fi orúkọ ọjà mìíràn rọ́pò tirẹ̀, tí kò sì sí ohun tó yí padà, a jẹ́ pé a kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọjà náà.

Orí ìwé kọ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu oníbàárà ni. Ẹni tó ń ra gaàrí láti fi tẹ ẹ̀bà àti ẹni tó ń rà á láti mu kì í wá ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé inú ilé kan. Ẹlẹ́bà ń fẹ́ gaàrí tí yóò wú dáadáa nínú omi gbígbóná. Ẹni tó fẹ́ mu gaàrí ń fẹ́ kí ó kan, kí ó gbẹ, kí ó má sì tètè rọ̀ nínú omi tútù. Gaàrí Ìjẹ̀bú, tí a máa ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó lè kan, tí a kì í sì í fi epo yan, ti ẹni tó ń mu ún ni jù lọ. Nítorí náà, ẹni yẹn ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì kọ̀wé sí i bí ìgbà tí ẹ bá jókòó tì í. Olùtajà tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ẹlẹ́bà, olóúnjẹ, ọmọ iléèwé àti ẹni tó ń kó gaàrí lọ sí òkè òkun yóò sọ̀rọ̀ títí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́tí sí ohun tó ń dun oníbàárà. Ẹ lọ dúró díẹ̀ nítòsí ìsọ̀ àwọn ológaàrí. Kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí ná ọjà, yóò bu gaàrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka tú u wò, yóò sì jù ú sẹ́nu. Ó ń wò ó bóyá ó kan, bóyá ó gbẹ, àti bóyá kò ní iyanrìn. Ti iyanrìn yìí ló ń bí ènìyàn nínú jù, torí pé bí gaàrí ti wù kí ó kan tó, ẹyọ iyanrìn kan lábẹ́ eyín ti bà á jẹ́. Ẹni tó ń rajà lórí fóònù kò rí gaàrí bù sọ́wọ́, nítorí náà ìpolówó ló gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ ì bá ṣe lọ́jà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn ni oníbàárà ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ iyanrìn ni kí a kọ́kọ́ dáhùn kí a tó máa ròyìn àpò aláràbarà tí a di gaàrí sí. Kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Obìnrin tó bá sọ pé "kò rọ̀ títí tí mo fi mu ún tán" ti kọ ìlà kan nínú ìpolówó fún yín, ẹ má wá lọ yí i padà sí "ọjà tí ìdára rẹ̀ ga."

Àkọlé ló kàn, òun ló sì yẹ kí ó gba àkókò yín jù. Lórí WhatsApp àti Facebook, bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń hàn títí tí ẹni tó ń kà á yóò fi tẹ ibi tí ìyókù wà. Bí ó bá jẹ́ ìkíni ló gba gbogbo ibẹ̀, ìkíni nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kà. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í wọlé láìkí ará ilé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìkíni yín dúró de ìgbà tí oníbàárà bá fèsì. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè kí i tilé-tọ̀nà. Àkọlé tó dára a máa sọ ohun kan pàtó, yóò sì jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ dé ibi tí a fẹ́ kí ó dé. Nígbà tí David Ogilvy, gbajúmọ̀ akọ̀wé ìpolówó, ń polówó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Rolls-Royce ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958, kò kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà kì í pariwo. Ohun tó kọ ni pé bí ọkọ̀ náà bá ń sáré máìlì 60 ní wákàtí kan, aago inú rẹ̀ ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó kà á ló wá sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ yìí mà dákẹ́ o, a kì í sì í bá ara wa jiyàn lórí ohun tí a fúnra wa sọ.

Lábẹ́ àkọlé, ẹ̀rí ló kàn. Ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń rò pé kò sí ohun àrà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà wọn, wọ́n á ní gbogbo ológaàrí ló kúkú ń fọ ẹ̀gẹ́, tó ń rin ín, tó ń gbé e sábẹ́ òkúta. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ti sọ ọ́ fún oníbàárà? Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n pe Claude Hopkins, akọ̀wé ìpolówó ará Amẹ́ríkà, kí ó wá polówó ọtí bíà Schlitz ní ìlú Milwaukee. Ó wọ inú ilé iṣẹ́ náà, ó rí kànga jíjìn tí wọ́n ti ń fa omi àti bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò ní àfọ̀túnfọ̀, ó sì béèrè ìdí tí wọn kì í fi í sọ ọ́ fún aráyé. Wọ́n ní gbogbo apọntí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ìpolówó yìí sì wà lára èyí tó sọ ọ́ di olókìkí, torí pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé ni oníbàárà máa ń gbà pé ó ń ṣe é.

Bí a bá pa gbogbo èyí pọ̀, ìpolówó gaàrí wa lè rí báyìí. Iye owó inú rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán:

"Gaàrí Ìjẹ̀bú tí ẹ ó mu dé ìsàlẹ̀ abọ́, tí ẹ kò ní bá iyanrìn níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ń fọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí a tó rin ín. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń lò lábẹ́ òkúta kí ó lè kan dáadáa. A kò fi epo yan án, a sì tún jọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ó tutù.

Ẹ bù ú sínú abọ́ funfun, ẹ da omi tútù sí i, kí ẹ sì wo ìdí abọ́ nígbà tí ẹ bá mu ún tán. Bí ẹ bá rí iyanrìn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó dá owó yín padà.

Àpò kílò 5, ₦7,500. Iye yìí kò ní yí padà títí di ọjọ́ Sátidé. Bí ẹ bá wà nílùú Ìbàdàn, ìgbà tí ọjà bá dé ọwọ́ yín ni ẹ ó sanwó.

Ẹ kọ GAÀRÍ àti orúkọ àdúgbò yín ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí lórí WhatsApp."

Abọ́ funfun yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ìpolówó yìí. Ó fún oníbàárà ní ọ̀nà tí ó lè gbà dán olùtajà wò nínú ilé ara rẹ̀, olùtajà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò sì jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò abọ́ náà fúnra yín, kí ó jẹ́ gaàrí yín ló wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwòrán tí a jí mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ débi pé ojú ti là. Ṣùgbọ́n bí iyanrìn bá wà nínú gaàrí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ìlà yẹn. Ẹ lọ tún ajọ̀ yín rà ná.

Ní ti iye owó, èrò mi kò yí padà: ẹ kọ ọ́ síta. Ẹni tí a ní kí ó wọlé sí DM kí ó tó gbọ́ iye ọjà yóò rò pé ojú òun ni wọ́n fẹ́ wò kí wọ́n tó dá iye lé e, ẹni tí kò sì ní agbára rẹ̀ yóò kàn gba àkókò yín lásán. Nítorí bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, ẹ kọ ọjọ́ tí iye náà yóò dúró dé sí i. Ìyẹn gan-an yóò mú kí oníbàárà tètè ṣe ìpinnu, láìjẹ́ pé ẹ ń parọ́ fún un pé ọjà ti fẹ́ tán nígbà tó kún inú ilé yín.

Bí ìpolówó náà bá máa lọ sórí rédíò, ẹ kà á sókè kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, kí ẹ gé gbolóhùn tó bá gba èémí yín, kí ẹ sì pe nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀. "Ẹ" ni kí ẹ lò fún olùgbọ́, kì í ṣe "o," nítorí pé ìyá àgbà wà lára àwọn tó ń gbọ́ rédíò, kò sì ní dáhùn ẹni tó ń pè é bí ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ lórin, ẹ ṣọ́ ohùn orin náà dáadáa. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tí orin rẹ̀ bá gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè ti ń ta ọkọ tuntun fún àwọn abilékọ nìyẹn, ìyẹn sì lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni mo ní lórí òfin, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Oúnjẹ tí a bá di sínú àpò fún títà lọ́jà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ pé gaàrí ń wo àìsàn kankan. Òfin ọdún 2022 tó gbé ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, kalẹ̀ dípò APCON fún un láṣẹ láti yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde síta, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò sì yọ sílẹ̀.

Nígbà tí ìpolówó bá ti wà nílẹ̀, ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n ti tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù wọn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí WhatsApp máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé wákàtí 24 péré ni ohun tí ẹ bá gbé sórí status ń lò. Nítorí náà, ìgbà tí ẹ bá ń gbé ọjà fún oníbàárà ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tọ́jú nọ́ńbà yín.

Ẹ kọ àkọlé méjì. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìdajì àwọn oníbàárà yín, kí ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí ìdajì tó kù lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má sì yí ohunkóhun mìíràn padà ju ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ ránṣẹ́: GAÀRÍ fún àwọn kan, ABỌ́ fún àwọn yòókù. Àwọn tó sanwó ni kí ẹ kà, kì í ṣe àwọn tó kàn yìn yín. Ẹni tó béèrè tí kò sì rà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ohun tó dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ owó ọlọ́kadà tí yóò gbé ọjà wá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mẹ́nu bà, ẹ kọ iye rẹ̀ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iye gaàrí nínú ìpolówó tó kàn.