Nígbà tí Famicom tàbí NES bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó bá ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ nínú ẹrù àwọn òbí wọn, tàbí tí wọ́n rà á ní tòkunbọ̀, ló máa ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ̀rọ géèmù tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti Japan ṣe ni Famicom; NES ni orúkọ tí wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Mo ń fi ìtàn ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kún ìdáhùn nítorí pé inú ìtàn yẹn ni ọ̀pọ̀ àìsàn wọn ti ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo tan NES, iná pupa iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú ṣáá, ojú tẹlifíṣọ̀n ń tàn, ó ń ṣú. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò kú o, ẹ má sọ ọ́ nù. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹnìkejì rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì géèmù. Bí ẹ bá ti tan iná báyìí, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ti inú ẹ̀rọ ò bá gbọ́ èsì, á dá gbogbo iṣẹ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn.

Kí ló gbé ṣíìpù débẹ̀? Ní 1983, ọjà géèmù dojú dé ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ṣáà ti wù ló ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ Atari, èyí tí kò dáa pọ̀ nínú wọn, wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò rà wọ́n, àwọn ọlọ́jà ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù mọ́. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù keje, ni Nintendo gbé Famicom jáde ní Japan, ẹ̀rọ tí Masayuki Uemura darí iṣẹ́ rẹ̀. Òkè ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń wọlé tààrà, kò sì sí irú ṣíìpù yẹn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí New York ní 1985, wọ́n fi ṣíìpù yìí sí i bí àgádágodo, kí géèmù tí wọn ò fọwọ́ sí má bàa ṣiṣẹ́. Wọ́n sì yí ara rẹ̀ padà kó lè jọ ẹ̀rọ fídíò, kí ọlọ́jà má bàa rántí Atari: iwájú lẹ ó ti ti kásẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Títẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló ń fa wàhálà. Eyín irin 72 ló ń di kásẹ́ẹ̀tì mú nínú lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, eyín á dẹ̀, kò ní fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì dáadáa mọ́. Nígbà tí Nintendo fúnra wọn ṣe NES mìíràn ní 1993, wọ́n dá ẹnu rẹ̀ padà sókè, wọ́n sì yọ àgádágodo náà kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ nu kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ta isopropyl (ọtí tí a fi ń nu nǹkan) sí òwú etí, ẹ fi gba ara eyín aláwọ̀ góòlù tó wà lẹ́nu rẹ̀. Òwú àkọ́kọ́ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ mú òmíràn, ẹ tún mú òmíràn, títí òwú á fi jáde ní funfun. Bí iná bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ tú ẹ̀rọ, ẹ yọ ibi tí eyín 72 yẹn wà, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Mo fara mọ́ èyí ju kí ẹ ra tuntun tí wọ́n ń ta kiri lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń di kásẹ́ẹ̀tì mú débi pé ẹ ó fi agbára fà á yọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kàn fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, bí a ti ń ṣe ní kékeré?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ẹnu máa ń mú irin dípẹtà. Yíyọ tí ẹ yọ ọ́ tí ẹ tún tì í padà ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi mú Famicom bọ̀ láti Japan. Ṣé mo lè fi adápítọ̀ NES ti Amẹ́ríkà tan án?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹnu rẹ̀ á wọ̀ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iná AC (èyí tó ń lọ tó ń bọ̀) 9V ni adápítọ̀ NES ń gbé jáde, DC (èyí tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo) 10V ni Famicom ń lò, tí òdì (−) sì wà láàárín ẹnu rẹ̀. AC yẹn lè jó o. Adápítọ̀ tirẹ̀ gan-an, 100V tí wọ́n ń lò nílé ní Japan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230V wa láìsí stepdown (ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù), á jóná. Ẹ yí ẹ̀yìn adápítọ̀ padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ iná.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo wà. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo rà láti Jámánì mọ́ tónítóní, síbẹ̀ iná ń ṣẹ́jú.

Ìdáhùn: Àgádágodo yẹn náà ni. Ṣíìpù tí Nintendo fi sí ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù yòókù. Oníṣẹ́ tó mọwọ́ lè gé ẹsẹ̀ kẹrin ṣíìpù inú ẹ̀rọ. Kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ìbéèrè: Mo gbá The Legend of Zelda débi tó jìnnà. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo rẹ̀ ti pòórá.

Ìdáhùn: Ní Japan, orí díìsìkì ni géèmù yẹn wà ní 1986. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi gbé e wọ Amẹ́ríkà ní 1987, wọ́n sì fi bátìrì sínú rẹ̀ kó lè máa rántí. Bátìrì CR2032 ni, òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bóòdù, ó sì ti gbó. Ẹ ra èyí tó ní ẹsẹ̀ irin lára, kí oníṣẹ́ fi òjé jó o síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ tẹ RESET mọ́lẹ̀ kí ẹ tó pa iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè nu ohun tó ti fi pamọ́.

Ìbéèrè: Ti Sega ńkọ́? Game Gear mi ń tàn, àmọ́ mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣú.

Ìdáhùn: Ọjọ́ tí Famicom jáde gan-an ni ilé-iṣẹ́ Sega gbé ẹ̀rọ géèmù tiwọn, SG-1000, jáde, àwọn àti Nintendo sì ń bá ara wọn du ọjà lọ. Ní 1990 wọ́n ṣe Game Gear aláwọ̀ mèremère láti fi kọjú sí Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Nintendo. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) ló máa ń jo omi, omi náà á sì máa jẹ bóòdù. Ẹ má dúró kí ó kú pátápátá. Kí oníṣẹ́ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ti bóòdù ohùn náà, kó sì nu omi tó ti jò mọ́ ara bóòdù kó tó fi tuntun sí i.