Kí ẹ tó wọ bàálù lọ sí Kúbà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra àtilọ kí àwọn ọlọ́rìṣà ní Havana tàbí Matanzas, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báńkì. Káàdì tí báńkì Amẹ́ríkà bá ṣe kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà, owó yúrò ni kí ẹ kó dání, kí ó jẹ́ kéékèèké, kí ó má sì ya. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ mú ìwé àjẹsára ibà pọ́njú dání, kí ó sì ti gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ 10, ó kéré tán, ṣáájú ìrìn àjò. Iná máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí (ọmọ Èkó kò ní pariwo ìyẹn), oògùn sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Púlọ́ọ̀gì elẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, tí ihò rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ní páàsì Bìrìtìkó ni pé ẹni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2021 kò lè fi ESTA (ìwé àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọlé láìgba físà) wọ Amẹ́ríkà mọ́; físà gan-an ni yóò lọ gbà.